Ìyá Àgbà, Mọ́tò Wọn Tó Ń Jò, àti Apá Ọ̀tún Wọn

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ Ìyá Àgbà, àfáà tó wàásù sọ pé ìyá jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n, pé wọn kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Gbogbo àwa ẹbí tí a jókòó sábẹ́ kánópì la tẹrí ba, kì í ṣe nítorí àdúà, ẹ̀rín ló fẹ́ pa wá. Ìyá Ràfíù, tí ilé wọn kọjú sí tiwa ní Dópèmú, fi ìborùn bo ẹnu. Ọmọrogùn ni Ìyá Àgbà fi nà wọ́n lọ́dún kan nítorí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Àfáà ò mọ Ìyá Àgbà ni. Ká ní wọ́n lè dáhùn láti ibi tí wọ́n wà, mo mọ ohun tí wọn ì bá sọ: "Ta ni wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ́jẹ́?"

N kò fẹ́ ká tún fi irọ́ sin wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá mi àgbà máa ń lu èèyàn. Wọ́n lu ọmọ, wọ́n lu ọmọ ọmọ, wọ́n lu àgbàlagbà ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n. Ọwọ́ wọn yá ju ẹnu wọn lọ, ẹnu wọn náà sì rèé, abẹ ni. Mo fẹ́ràn wọn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, ẹ̀rù wọn sì ń bà mí títí di ọjọ́ tí wọ́n kú. Ohun méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, kí ẹnì kan má wá yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀ nítorí pé òkú là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Onígbòǹgbò ni wọ́n, ilé ọkọ ló gbé wọn dé Dópèmú. Dírẹ́bà ni Bàbá Àgbà ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ra mọ́tò funfun àtijọ́ kan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, nígbà tí wọ́n sì kú, Ìyá Àgbà ní òun lòún ni ín. Àwọn ẹbí ọkọ ní obìnrin kì í wa mọ́tò ọkùnrin. Ìyá Àgbà lé gbogbo wọn jáde ní pálọ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀, wọ́n sì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbé ìkòkò ìrẹsì àti ti ẹ̀wà sínú búùtù lọ tà fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹnu géètì àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Mọ́tò yẹn ló ń bọ́ gbogbo wa. Àlàájì ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ọkọ wọn. Bí kò bá tètè jí láàárọ̀, wọn á gbá a lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn á ní, "Àlàájì, dìde, ebi ń pa àwọn ọmọ ẹ."

Ayé ṣójà ni, ayé Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Géètì tí òṣìṣẹ́ kún ẹnu rẹ̀ lánàá, àgádágodo ni wàá bá níbẹ̀ lónìí. Ẹ̀yà mọ́tò tuntun di ohun tí à ń fi ojú wò tí ọwọ́ kò tó. Inú gbogbo èèyàn ń gbóná, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ìjà kì í rìn jìnnà kó tó rí i. Ní ẹnu géètì kan báyìí, ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní kí Ìyá Àgbà kó ẹrù wọn kúrò, kí wọ́n tó dáhùn, ó ti fi ẹsẹ̀ ta ìkòkò ìrẹsì dànù. Ìyá Àgbà kò pariwo. Wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dáadáa, wọ́n wá fi ṣíbí ńlá tó wà lọ́wọ́ wọn lu ọkùnrin náà títí ó fi sá wọ inú ọgbà, tó sì ti géètì mọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n wọ bàtà padà, wọ́n ń bu èyí tó ṣẹ́kù fún oníbàárà. Ọkùnrin náà yọjú láti ojú ihò géètì, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú rẹ̀, ó ní òun á pe ọlọ́pàá. Wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Pè wọ́n wá. Ìkòkò mi kò bá ẹ jà kó o tó ta á nípàá."

Èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n ti ilé ìwé gíga tí mo wà pa nígbà náà, mo bá wá ń bá wọn gbé ìkòkò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí a dé láti Ìkẹjà, èéfín ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sáré ṣí i, mo na ọwọ́ sí ìdérí rédíétọ̀ kí n lè bu omi sí i. Ìgbájú tó bà mí, etí mi ń dún títí oúnjẹ alẹ́ fi jinná. Kí n tó sunkún tán, wọ́n ti di ọwọ́ kan náà mú, wọ́n yí i padà, wọ́n gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi súnmọ́ ìdérí náà láìjẹ́ kó kàn án. Ooru rẹ̀ mú mi fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ̀yìn ọwọ́ ni à ń kọ́kọ́ rán níṣẹ́," wọ́n ní. "Àtẹ́lẹwọ́ ti bá ìkòkò ṣọ̀rẹ́, kò ní sọ òótọ́ fún ẹ. Omi tó ń hó tí wọ́n dé mọ́nú, kì í kígbe kó tó bó èèyàn. Dúró kó tutù."

Mo ti gbọ́ "dúró kó tutù" yẹn lẹ́nu wọn ju bí mo ti gbọ́ "Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ" lọ. Wọ́n ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ bu ọbẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ fún tọkọtaya tó bá ń jà. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kì í sọ ọ́ fún ni ọwọ́ tiwọn fúnra wọn.

Ó wá di ìgbà kan, omi inú mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í dín. A ó bù ú kún láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ó ti lọ sísàlẹ̀. Wásíù, àbígbẹ̀yìn Ìyá Àgbà, ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òun. Mekáníìkì ni, ó ní ṣẹ́ẹ̀dì kan létí títì ní oríta Dópèmú. Àbúrò bàbá mi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló fi jù mí lọ, a jọ ń já ẹran gbà mọ́ra wa lọ́wọ́ ni, n kì í pè é ní bọ̀dá. Ó gbé mọ́tò lọ, ó gbé e padà, ó ní, "Màámi, ó ti parí." Jíjò náà sì dín kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó ń jò tẹ́lẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná kọjá ààlà, jíjò náà sì tún padà. Wásíù ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tún gbé e lọ. Ìyá Àgbà ní rárá, ilé la ti máa wá ibi tó ti ń jò. Wọ́n ní, "Omi kì í sọnù. Ibì kan ló lọ. A máa bá a débẹ̀."

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n wa mọ́tò síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú nínú ọgbà, wọ́n ní kí n tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, a fa páálí náà yọ sínú ìmọ́lẹ̀. Àbàwọ́n dúdú wà láàárín, èkejì sì wà níwájú, ó pupa rúsúrúsú bí omi inú agolo tó ti dógùn-ún.

"Dúdú yìí, epo ni," wọ́n ní, "ìyẹn ti wà láti ayé bàbá yín. Pupa yìí ni àlejò."

Mo ní ṣebí a ti rí i nìyẹn, iwájú ló ti ń jò.

"Iwájú ló kán sí. Omi máa ń rìn lára irin kó tó kán. Ibi tó kán sí kọ́ ni ibi tó ti jáde."

Wọ́n wá yẹ mọ́tò náà wò láti ibi kan bọ́ síbi kejì, bí ẹni tó ń wá ọmọ tó farapamọ́ nínú ilé. Wọ́n fún rọ́bà òkè tó ń gbé omi jáde nínú ẹ́ńjìnnì, wọ́n fún rọ́bà ìsàlẹ̀. Ti òkè ti sán lára, ṣùgbọ́n gbígbẹ ni. Síbẹ̀ wọ́n tú u, wọ́n fi òmíràn tí Bàbá Àgbà ti tọ́jú pamọ́ rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní kí n ki ọwọ́ bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níwájú ìjókòó. Ó gbẹ, nítorí náà kì í ṣe híítà, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru sínú mọ́tò, ló ń jò. Wọ́n fa ọ̀pá tí a fi ń wọn epo ẹ́ńjìnnì jáde, wọ́n gbé e sójú oòrùn. "Bó bá funfun bí ògì, a jẹ́ pé omi ti wọnú epo, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ, ká jókòó ká máa sunkún." Dúdú ni. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mọ́tò ti sùn mọ́jú, ó ti tutù. Síbẹ̀ wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Wọ́n ti ìka bọ inú rẹ̀. Ohun tí ìka náà gbé jáde, mo kọ́kọ́ rò pé ìdọ̀tí ni. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n nà án sí mi nímú. Ata gígún ni, pẹ̀lú àwọn nǹkan funfun wẹ́wẹ́ bí ẹyin sísè. Mo bú sẹ́rìn-ín. Wọn kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì ní kí n máa tan tọ́ọ̀ṣì síbi tí wọ́n bá nawọ́ sí. Nígbà tó ṣe, a rí i. Lábẹ́ pọ́ọ̀ǹpù tó ń ti omi káàkiri, láti ojú ihò kékeré kan, omi yọ, ó rìn lára irin, ó kán síwájú. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n di fáànù mú, wọ́n mì í, ó sì ń mì bí eyín arúgbó. Pọ́ọ̀ǹpù ló ti bàjẹ́. Ata àti ẹyin kò rí i dí, ojú ọ̀nà omi inú rédíétọ̀ ni wọ́n lọ dí, ìyẹn ni mọ́tò ṣe ń gbóná. Àìsàn kan ti di méjì. Ìyá Àgbà nu ọwọ́, wọ́n mú rọ́bà tó ti sán náà nílẹ̀, irin tí wọ́n fi ń so ó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì jáde.

Mo sáré tẹ̀ lé wọn. Wásíù jókòó ní ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníbàárà.

"Wásíù, kí lo dà sínú rédíétọ̀ mi?"

"Màámi, ẹ kú àárọ̀. Omi ni."

Rọ́bà náà balẹ̀ léjìká rẹ̀. "Omi ni?"

"Omi ni, Màámi!"

Èkejì bà á lórí. Irin ẹnu rẹ̀ ya á lójú agbárí, ẹ̀jẹ̀ sì bò ó lójú. Ọkùnrin ńlá ni Wásíù, ká ní ó na ọwọ́ lásán, ì bá dá wọn dúró. Kò nà án. Ó káwọ́ lérí, ó ń gba rọ́bà náà sẹ́yìn. Àwọn èèyàn ń kígbe pé ẹ ṣe sùúrù, ìyá, ẹ má pa á, ọmọ yín ni. Oníbàárà kan di ọwọ́ wọn mú, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gún un láyà, ó jókòó sílẹ̀.

"Ẹyin ni!" Wásíù kígbe níkẹyìn. "Ẹyin méjì, àti ata! Kò sí pọ́ọ̀ǹpù lọ́jà, Màámi! Gbogbo mekáníìkì ló ń ṣe é báyìí!"

Òótọ́ ló sọ. Láyé Sáàpù, ẹni tí kò rí ẹ̀yà rà ń fi ohun tó wà nínú ilé ìdáná tún mọ́tò ṣe. Omi gbígbóná á se ẹyin náà, ẹyin á dí ihò, ata á wú, onímọ́tò á dúpẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá Àgbà dúró, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ata ni mo nà ẹ́ fún. O rí egbò, o bò ó mọ́lẹ̀, o ní ó ti jinná. Má dé ọ̀dọ̀ mi mọ́."

Kò sì dé. Wọ́n ń kọjá níwájú ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láràárọ̀, wọn kì í wo ibẹ̀. Wọ́n fọ rédíétọ̀, gbogbo ata kò jáde. Wọ́n bẹ ẹnì kan pé kó bá wọn wá pọ́ọ̀ǹpù tòkunbọ̀, ìyẹn kò tíì rí i. Wọ́n wá ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ìrẹsì.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn tú sójú títì pé ìyà náà ti tó. Wọ́n ń jó táyà ní oríta, èéfín bo ojú sánmà, a sì ń gbọ́ ìbọn. Ìyá Ràfíù, tí Ìyá Àgbà fi ọmọrogùn nà lọ́jọ́sí, ló sáré wọlé láìní bàtà lẹ́sẹ̀. "Ìyá Wásíù! Ìyá Wásíù! Ìbọn ti ba Wásíù! Mọ́tò oníbàárà ló fẹ́ tì kúrò níbi tí iná wà!"

Ìbéèrè kan ni Ìyá Àgbà bi í. "Ṣé ó ń mí?"

Ó ń mí. Itan ni ọta bà. Wọ́n ti gbé e wá sẹ́yìn ilé wa, sókòtò rẹ̀ ti rin fún ẹ̀jẹ̀. Ìyá Àgbà fa ìró kan ya, wọ́n so ó mọ́ òkè itan náà tó bẹ́ẹ̀ tí Wásíù fi ké bí ẹran, wọ́n sì ní kí n jókòó tì í lẹ́yìn mọ́tò, kí n tẹ ojú egbò náà, kí n má ṣe gbọ́wọ́ kúrò. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi sínú mọ́tò. Wọ́n gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan. "Àlàájì, ọmọ ẹ ni."

A gba ẹ̀yìn àdúgbò títí a fi bọ́ sí títì tó lọ sí Ìkẹjà. Mo ń wo ọwọ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, ó ń gòkè. Ìyá Àgbà na ọwọ́, wọ́n tan híítà, ooru tú sí wa lójú nínú oòrùn ọ̀sán.

"Màámi, ẹ pa á, ó ń pa mí," Wásíù ní.

"Ooru tó bá bọ́ sára wa, ó ti kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Jókòó jẹ́ẹ́."

A sún mọ́ Ìkẹjà kó tó di pé èéfín bo gíláàsì. Àwọn ṣójà ti fi àgbá dí títì níbẹ̀. Ìyá Àgbà fi mọ́tò sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, wọ́n sì bọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n bọ́ọ́lẹ̀. Ṣójà kan sáré wá. "Who tell you say make you come down?" Ó fi kòbókò là wọ́n lẹ́yìn, ó tún là wọ́n. Mo di ojú. Mo mọ ọwọ́ ìyá yẹn, mo mọ̀ pé wọ́n máa gbá a, mo sì mọ̀ pé ìbọn ló máa dá wọn lóhùn. Nígbà tí mo la ojú, wọn kò tilẹ̀ yíjú sí i. Wọ́n ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn tí mo rí i tí ẹnì kan nà wọ́n tí wọn kò nà án padà.

"Ọmọ mi ló wà nínú mọ́tò," wọ́n ní. "Omi ni mo fẹ́ bù."

Ṣójà náà bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn mọ́tò, ó rí ọwọ́ mi, ó rí ẹ̀jẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ọmọdé ni, kò lè ju mí lọ. Nígbà tó rí i tí Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí rédíétọ̀, ó fò sẹ́yìn. "Mama, no open am! E too hot! Wait make e cold!"

Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an ni ọmọ náà sọ fún wọn. Ìyá Àgbà wo ojú Wásíù láti inú gíláàsì. Ètè rẹ̀ ti funfun, kò ráhùn nípa ooru mọ́. Wọ́n gbé ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ ìdérí náà, wọ́n fà á padà, wọ́n mọ̀. Wọ́n tú ìborùn wọn, wọ́n ká a mọ́ ọwọ́ ọ̀tún. "Sún sẹ́yìn," wọ́n wí fún ṣójà náà, wọ́n sì ṣí i.

Omi náà ru sókè pẹ̀lú ariwo, ó sì wálẹ̀ sí apá wọn láti ọmọ ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Èmi ni mo ké. Ìyá Àgbà kò ké. Nígbà tí wọ́n ṣí ìborùn náà kúrò, awọ apá wọn bá a lọ. "Omi," wọ́n ní. Ṣójà yẹn fúnra rẹ̀ ló gbé kẹ́ẹ̀gì, omi ń dà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Rọra. Díẹ̀díẹ̀. Bó o bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà, irin á sán." Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rọra dà á. Ó yí àgbá kúrò lójú títì fún wa. Ọwọ́ tó ti bó yẹn ni Ìyá Àgbà fi ń yí jíà dé ọsibítù.

Wọn kò gé ẹsẹ̀ Wásíù, títí dòní ó ń tiro. Lọ́jọ́ tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa, Ìyá Àgbà jókòó tì í, wọ́n ti fi báńdéèjì funfun di apá wọn. Ó wo apá náà títí, ó ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ máa ń ní ká dúró kó tutù."

"Ìwọ ni ì bá kọ́kọ́ tutù," wọ́n ní. "Tó o bá dìde, wá bá mi tún pọ́ọ̀ǹpù yẹn ṣe. Bó o bá se ẹyin sínú rẹ̀, ìwọ lo máa jẹ ẹ́."

Ó tún un ṣe. Wọ́n gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rọ́bà àtijọ́ yẹn lórí itan wọn. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé omi gbígbóná sọ wọ́n di jẹ́ẹ́jẹ́: apá kan náà ni wọ́n fi gbá mi létí lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àpá náà sì jẹ́ kó tún dùn mí sí i.

Àwa obìnrin la wẹ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n kú. Ìyá tó ṣáájú wa nínú ìwẹ̀ náà, mọ́sáláṣí ló ti wá, kò mọ̀ wọ́n láyé. Ọ̀tún ni a máa ń kọ́kọ́ wẹ̀. Ó ká aṣọ kúrò ní apá náà, ó rí awọ tó ń dán, tó sì sún kì, ó ní, "Subuánà! Kí ló jó ìyá yín báyìí?"

Wásíù ló gbé omi kaná. Ọkùnrin kò lè wọlé, ó tiro wá sẹ́nu ọ̀nà, ó na garawa sí mi láti ẹ̀yìn aṣọ tí a fi ta ibẹ̀. Mo gbà á. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án.

"Ṣé ó gbóná jù, Mùíná?" ó bi mí.

"Ó ṣì gbóná díẹ̀."

"Dúró kó tutù," ó ní.

Kò sí ohun tí à ń sáré bá mọ́. Mo jókòó ti Ìyá Àgbà, mo di apá ọ̀tún wọn mú, mo sì dúró.